Oúnjẹ Tí Kò Dúró De Ẹnikẹ́ni

                                                            Ilé Bàbá Souleymane,
                                                            Plateau,
                                                            Ṣábẹ̀,
                                                            Ilẹ̀ Benin.
                                                            Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, ọdún 2026.

Aurélie mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? O kú ìlú onílùú, o kú àfaradà, o kú ìjà pẹ̀lú ìwé. Báwo ni òtútù ilẹ̀ Japan, ṣé ó ti ń fojúure wò ọ́ díẹ̀díẹ̀? Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé rẹ ńkọ́, èyí tó máa ń fi ọsàn sílẹ̀ fún ọ lórí àtẹ̀gùn? Bá mi kí i, kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo pe bàbá rẹ ní Pobè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara wọn le koko. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi sùn mí ni pé o máa ń pè wọ́n nígbà tí adìẹ bá ti sùn tipẹ́, o sì máa ń sọ pé ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ rẹ. Wọ́n ní kò sí ibi tí irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn.

O ní kí n kọ̀wé sí ọ lórí ìwé gidi, kí n fi èdè wa kọ ọ́, nítorí ó ń wù ọ́ láti rí ohun tí ọwọ́ ènìyàn kọ. Mo kọ́kọ́ fi ọ́ rẹ́rìn-ín nínú mi. Ní báyìí tí mo ti mú bíírò, mo rí i pé ìwọ lo gbọ́n jù. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, bí mo bá fi ohùn sọ ọ́ lórí tẹlifóònù, ẹkún ni yóò dà lé e lórí.

O ò ní gbà gbọ́ bí oòrùn ṣe ń mú ní Ṣábẹ̀. Òjò ti ṣú lẹ́ẹ̀mejì, ó tún bá tirẹ̀ lọ. Lọ́wọ́ ọ̀sán, gbogbo ìgboro a dákẹ́, àwọn ewúrẹ́ a máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹnikẹ́ni kò sì ní agbára láti lé wọn. Ìsinmi Àjíǹde la wà, nítorí náà mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń jókòó sójú fèrèsé kí n máa wo òkè. Oòrùn a tàn débi pé ìdí òkè náà kì í hàn mọ́. Orí rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí, tó dúró lójú ọ̀run bí ẹni pé kò bá ilẹ̀ tan rárá. Bí mo bá ti wò ó pẹ́, oorun a gbé mi lọ, bẹ́ẹ̀ ojú mi ṣì là sílẹ̀.

Inú irú oorun bẹ́ẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá oúnjẹ rẹ. Ṣé o rántí ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá, nígbà ooru tiyín? O ní wọ́n gbé abọ́ kan ka iwájú rẹ, fọ́nrán oúnjẹ bíi sìpàgẹ́tì ló wà nínú rẹ̀, ó tutù nini, wọ́n gé ẹ̀fọ́ àti ẹyin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí, wọ́n bu omi dúdú kan tó kan díẹ̀ sí i, yìnyín sì wà létí abọ́. O ní òtútù náà gba ahọ́n rẹ lọ sí ìpàkọ́, o sì gbàgbé gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ ọ́. Mi ò pa ohùn náà rẹ́ títí dòní. Nínú àlá mi, mo máa ń wà nínú yàrá funfun kan, mo máa ń gbọ́ omi tó ń dà, abọ́ náà á wà níwájú mi, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ mi tó dé ẹnu, Màmá, ìyá ọkọ mi, á wúkọ́ nínú yàrá kejì, èmi náà á sì jí.

Màmá gan-an lọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé bàbá ọkọ mi fi wá sílẹ̀ nínú oṣù kìíní, pé oko kajú wọn ní Boni ni ọlọ́jọ́ ti dé bá wọn. Ilé tí mo háyà lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ń gbé nígbà náà. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo kó wá sọ́dọ̀ Màmá kí wọ́n má bàa dá wà, torí Parakou ni Souleymane ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ mẹkaníìkì, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló sì ń wálé. Màmá wà nínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni wọn yóò fi jókòó nínú ilé ọkọ wọn, wọ́n sì ti sọ pé bí ilé náà bá fẹ́ wó, kó wó lé àwọn lórí, àwọn ò ní jáde kí ọjọ́ tó pé.

Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹun, Aurélie. Nígbà ààwẹ̀, a rò pé ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ parí, gbogbo ìlú ṣínu, Màmá nìkan ni kò ṣínu. Wọ́n gbẹ débi pé òrùka ọwọ́ wọn ń bọ́ sínú omi àlùwàlá. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní kò sí àrùn lára wọn, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá jẹun, ara náà yóò kúkú wá àrùn tirẹ̀. Mo ro ọkà, mo gún iyán, mo se ìrẹsì, mo fi adìẹ se ọbẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á máa wo èéfín oúnjẹ náà, wọ́n á máa wò ó títí èéfín yóò fi tán. Nígbà tó bá tán, wọ́n á bu òkèlè kan tàbí méjì, wọ́n á sì dé e padà, wọ́n á ní kí n kú iṣẹ́. Mo rò pé adúrà ni wọ́n máa ń ṣe nínú ọkàn kí wọ́n tó jẹun. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ènìyàn níwèé, mi ò rí ohun tó wà lójú mi.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, Souleymane pè mí. Ó ní òun ti bá ẹ̀gbọ́n òun ní Cotonou sọ̀rọ̀. Bí Màmá kò bá tíì jẹun gidi tó bá fi di Jímọ̀, òun yóò gbé wọn lọ síbẹ̀, kí wọ́n lè wà nítòsí ilé ìwòsàn ńlá. Mo ní opó ńkọ́. Ó ní òun ti sin bàbá, òun ò fẹ́ sin ìyá nínú ọdún kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí a bá gbé Màmá jáde nínú ilé yẹn kí ọjọ́ wọn tó pé, nǹkan kan yóò já nínú wọn tí dókítà kankan kò ní rí so. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti yàrá kejì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń di aṣọ wọn sínú àpò kékeré kan, wọ́n á dì í tán, wọ́n á tún tú u.

Ní ọjọ́rú, mo tún lá àlá abọ́ náà. Bí mo ṣe jí, mo dìde, mo sì lọ ra sìpàgẹ́tì.

Má rẹ́rìn-ín mi o. O mọ bí àwa ṣe ń se sìpàgẹ́tì níhìn-ín: a ó ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, a ó fi epo àti tòmátì dín in, yóò pupa, yóò gbóná. Ọwọ́ mi ti mú un láti ṣẹ́ kí n tó rántí pé gígùn lo ní ó wà. Mo sè é bẹ́ẹ̀ láìṣẹ́. Nígbà tó jinná, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo dà á sínú ajere, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi fọ̀ ọ́. Ìyá Florent tó ń ta yìnyín, tí ilé wọn kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa, ló gbé yìnyín tí mo rà wá. Wọ́n dúró, wọ́n wò mí. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, wọ́n ti rí ìyàwó tó ń fọ aṣọ, wọ́n ti rí èyí tó ń fọ àwo, ṣùgbọ́n èyí tó ń fọ oúnjẹ tó ti jinná, àwọn olùkọ́ ló kù tó ń ṣe é. Mo da yìnyín sínú omi, mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Aurélie, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì, òtútù mú mi. Àwọn fọ́nrán náà ń yọ̀ gba àárín ìka mi, mo sì ń gbọ́ ìró omi inú àlá mi ní ojú gbangba. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ti omi dúdú yẹn ló kọ́kọ́ fẹ́ dá mi dúró. Kò sí ẹni tó ń tà á ní ọjà Ṣábẹ̀. Ṣùgbọ́n o ti sọ fún mi rí pé ẹ̀wà sójà ni wọ́n fi ń ṣe é, pé wọ́n máa ń jẹ́ kó bà dáadáa kó tó dùn. Mo ronú, mo ní ṣé irú tí a fi ń se ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣàpèjúwe yìí? Mo bu omi gbígbóná lé irú lórí, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ pọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fi iyọ̀, ṣúgà díẹ̀ àti atalẹ̀ tí mo rin sí i, mo gbé e lé orí yìnyín. Mo yan yànmọ̀tí nínú agbada gbígbẹ títí ó fi ń ta, mo gún ìdajì rẹ̀, mo fi ìdajì sílẹ̀. Mo gé kọ̀ńkọ́ńbù àti kárọ́ọ̀tì bí ìgbálẹ̀, mo dín ẹyin pẹlẹbẹ, mo ká a, mo gé e. Wàgáṣì, wàrà dídì tí mo rà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan, ni mo fi rọ́pò ẹran. Nígbà tí mo tò ó tán, ó lẹ́wà débi pé mo fẹ́ jókòó tì í kí n sùn.

Mo bò ó, mo gbé e tọ Màmá lọ, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ṣí ìdérí. Wọ́n ń retí èéfín, kò sí èéfín. Wọ́n ti ìka bọ inú rẹ̀, wọ́n sì fa ọwọ́ wọn yọ kíá. Ojú tí wọ́n fi wò mí, mi ò ní gbàgbé rẹ̀. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an.

“Ìyàwó mi, ta ni oúnjẹ yìí ń dúró dè?”

Wọ́n yíjú sí ògiri. Mo kọ́kọ́ rò pé mo rí wọn fín ni, nítorí ìyàwó ilé wo ló ń gbé oúnjẹ tútù ka iwájú ìyá ọkọ rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé ohun tó kù nìyí? Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo sunkún sínú ajere.

Ìyá Florent ló wá bá mi, àwọn ló sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi láti oṣù kìíní. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá lọ sí Boni láti ro ìdí kajú nítorí iná igbó, wọ́n sọ fún Màmá pé kí wọ́n dúró de àwọn, pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ jẹun. Ní ilé yìí, láti ogójì ọdún, Màmá kò fọwọ́ kan oúnjẹ rí kí Bàbá tó dé. Wọ́n gún iyán lọ́sàn-án, wọ́n bò ó. Ìyá Florent wá bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹun, Màmá kọ̀. Oòrùn yí, iyán tutù, Màmá tún ṣí i, wọ́n tún dé e. Ẹ̀bá abọ́ náà ni wọ́n jókòó sí nígbà tí àwọn ará oko wọlé láìsí Bàbá lára wọn.

Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Èyí tí Màmá bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà ti tutù tipẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ń jó wọn lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Ìgbà náà ló yé mi. Gbogbo oúnjẹ gbígbóná tí mo ń gbé lọ, èmi ni mo ń mú wọn jókòó de Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ojú ti mí, àánú wọn sì ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo wọlé. Ọjọ́ Jímọ̀ ku ọ̀túnla.

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Mo sọ fún wọn pé oúnjẹ náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ní ní ìlú tí ọ̀rẹ́ mi Aurélie wà, bí ooru bá gba ìfẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn, èyí ni wọ́n ń sè fún un, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ mú un tutù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jẹ́. Mo ní ọwọ́ mi ni mo fi fọ ooru kúrò lára rẹ̀. Mo na ọwọ́ mi sí wọn, ó ṣì tutù, ìka mi sì ti hunjọ. Wọ́n dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ó ti tutù tán kí n tó bò ó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí bí àwọn bá jẹ ẹ́ báyìí tàbí lẹ́yìn àlùwàlá ìrọ̀lẹ́, ṣé ọ̀kan náà ni. Mo ní ọ̀kan náà ni, Màmá.

Wọ́n fa abọ́ náà mọ́ra, wọ́n sì bu ú. Ó yọ̀ bọ́. Wọ́n tún bu ú, ó tún yọ̀ bọ́ sórí aṣọ funfun wọn, wọ́n ní àbí ejò omi ni mo sè fún àwọn. Mo bá wọn ká a mọ́ ìka wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú wọn wà ní pípadé, mo sì ń wo ọ̀fun wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò. Wọ́n ní irú wà nínú rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdajì abọ́, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì sùn lọ pẹ̀lú yànmọ̀tí létí ẹnu. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń lé eṣinṣin fún wọn. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

Ní ọjọ́bọ̀, wọ́n ní kí n tún un ṣe, kí n sì fi kún irú rẹ̀. Mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ń bọ̀.

Souleymane ní òun yóò dé kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe abọ́ mẹ́ta, mo bò wọ́n sórí ẹní níwájú Màmá. Wọ́n kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, a ò rí i. A pè é, tẹlifóònù rẹ̀ kò lọ. Oòrùn ń yí. Aurélie, mo wo Màmá tí wọ́n jókòó síwájú abọ́ tí a bò, tí wọ́n ń retí ọkùnrin tó pẹ́ lójú ọ̀nà. Èmi ni mo tún tẹ́ ẹní náà fún wọn. Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀. Òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìdí padà lójú fèrèsé, ilẹ̀ sì ń rọ̀.

Màmá ṣí ìdérí tiwọn. Wọ́n wo inú abọ́ náà, kò sí èéfín tó ń tán lọ níbẹ̀. Wọ́n sọ Bísímílà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ìka wọn, wọ́n ní kí n jẹ tèmi kí ooru má bàa mú un.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́ ni Souleymane wọlé, eruku bò ó, táyà ló bẹ́ lójú ọ̀nà. Àpò ńlá tó fẹ́ fi kó ẹrù Màmá wà léjìká rẹ̀, ó sì ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì pé òun pẹ́. Màmá ti abọ́ kẹta sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Jókòó kí o jẹun. Kò sí ohun tí pípẹ́ rẹ bàjẹ́. Kò lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó wo abọ́ tiwọn tó ṣófo. Ó wò mí. Ó wá jókòó, ó sì jẹun, kò sì sọ̀rọ̀ Cotonou. Àpò náà wà lẹ́nu ọ̀nà títí di àárọ̀ yìí tó gbé e padà lọ sí Parakou, iṣu ló sì wà nínú rẹ̀.

Bá mi kí ìyá ọlọ́sàn, kí o sì kí gbogbo ẹni tó ń ṣàánú rẹ níbẹ̀. Ìyá Florent ní kí n kí ọ, wọ́n ní àwọn náà ti ń fọ oúnjẹ. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé ọmọ àwọn ni ọ́, àti pé bí o bá dé, àwọn yóò gún iyán fún ọ, ṣùgbọ́n kí o tètè dé.

Èmi ni, tìrẹ lójú oorun àti lójú ìran,

Chérifatou.